Mary Anning àti Ẹ̀rí Àwọn Ẹ̀dá Àkúrun Inú Àpáta

Ìfáárà

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n gbà pé gbogbo ẹ̀dá tí Ẹlẹ́dàá dá sáyé ni ó ṣì wà láyé. Bí ẹnikẹ́ni bá rí egungun tí kò jọ ti ẹranko kankan tí a mọ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹranko náà yóò ṣì wà ní igbó kan tàbí nínú ibú kan tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì dé. Pé odindi ìran ẹ̀dá kan lè kú àkúrun, kí ó má ku ẹyọ kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ayé, jẹ́ èrò tí ó ṣòro fún wọn láti gbà, nítorí ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá.

Ní ọdún 1796, Georges Cuvier, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa egungun ẹranko ní ìlú Paris, fi eyín àti egungun àgbọ̀n erin ilẹ̀ Áfíríkà àti ti ilẹ̀ Íńdíà wé ti erin ayé àtijọ́ tí wọ́n hú ní ilẹ̀ Siberia. Ó fi hàn pé erin ìgbàanì yìí yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, àti pé irú rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Síbẹ̀, erin ṣì ni erin ń jẹ́; ojú ṣì mọ ìbátan rẹ̀ láàrin àwọn alààyè. Ohun tí yóò mú kí iyàn tán nílẹ̀ ni ẹ̀dá tí ìrísí rẹ̀ kò jọ ti ẹranko alààyè kankan rárá.

Ẹni tí ó hú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jáde léraléra kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ yunifásítì rí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan ni. Mary Anning ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ ìtàn ìmọ̀ tí a fi ojú àti ọwọ́ kó jọ. Ó sì tún fi hàn bí orúkọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ṣe lè sọnù nígbà tí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni kálámù wà.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

A bí Mary Anning ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 1799, ní Lyme Regis, ìlú kékeré kan ní etíkun Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Anning ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ igi ni ó ń ṣe. Mary Moore, tí wọ́n ń pè ní Molly, ni ìyá rẹ̀. Nínú nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá tí tọkọtaya yìí bí, Mary àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Joseph, nìkan ni wọ́n dàgbà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ni, èyí tí iná jó pa ní òpin ọdún 1798, oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun náà lọ ní kékeré. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 1800, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aládùúgbò wọn kan gbé e lọ wo eré ẹlẹ́ṣin tí ó wọ ìlú. Òjò dé, obìnrin náà àti àwọn méjì mìíràn sì sá sí abẹ́ igi ńlá kan. Àrá sán lu igi náà, ó pa àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn yè é. Títí tí Mary fi dàgbà ni àwọn ará ìlú ń sọ pé àrá yẹn ni ó la ọpọlọ rẹ̀.

Ìdílé Anning kò sí nínú Ìjọ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọ àwọn olómìnira ni wọ́n ń lọ. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àǹfààní ni òfin fi du irú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti ìjọ yìí ni Mary ti kọ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ kejì tí ó ń fi gbọ́ bùkátà. Ogun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kò jẹ́ kí àwọn ọlọ́rọ̀ lè máa gbafẹ́ lọ sí òkèèrè mọ́. Àwọn ìlú etíkun ilé ni wọ́n ń yà sí. Richard a máa ṣa àwọn òkúta àràmàǹdà tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè etí òkun, a sì pàtẹ wọn fún àwọn àlejò wọ̀nyí. Bí ó bá ń lọ, a máa mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dání. Báyìí ni Mary ṣe kọ́ iṣẹ́ náà: ó kọ́ bí a ṣe ń mọ òkúta tí ó ní nǹkan nínú, bí a ṣe ń fi òòlù kékeré là á, àti ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn kúrò ní etíkun kí omi tó kún padà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1810, Richard Anning kú ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ó ti ṣubú láti orí òkè ṣáájú, ikọ́ ife sì tún ń bá a fínra. Gbèsè 120 pọ́n-ùn ni ó fi sílẹ̀ fún opó àti ọmọ méjì. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún àwọn tálákà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Mary jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Òkúta títà, tí ó jẹ́ àfikún lásán nígbà ayé bàbá rẹ̀, ni ó wá di ohun tí wọ́n fi ń jẹun.

Àwọn Òkúta àti Orúkọ Wọn

Fọ́sìlì ni àwọn òkúta wọ̀nyí, èyí ni pé àṣẹ́kù àwọn ẹ̀dá ayé àtijọ́ tí ó ti di òkúta ni wọ́n. Nígbà tí ẹ̀dá inú omi bá kú, tí ó rì sí ìsàlẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì tètè bò ó kí àwọn yòókù tó jẹ ẹ́ tán, ẹran ara rẹ̀ yóò jẹrà, ṣùgbọ́n egungun tàbí ìkarahun rẹ̀ yóò ṣẹ́kù. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń gun orí ara wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n ń le di àpáta, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà inú omi ilẹ̀ yóò máa wọ inú egungun náà, tí òun pẹ̀lú yóò fi di òkúta. Àpáta aláwọ̀ eérú tí ó yí Lyme Regis ká jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ní ìgbà òtútù, ìjì àti òjò a máa mú kí ẹ̀gbẹ́ òkè ya lulẹ̀, ohun tí ó ti sin síbẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe yóò sì hàn síta. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tètè gbé e, ìgbì òkun yóò gbá a lọ.

Àwọn ará ìlú ti ní orúkọ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ọ̀mọ̀wé kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìkarahun tí ó lọ́ bìrìkìtì ni wọ́n ń pè ní òkúta ejò, wọ́n ní ejò tí ó ká ara jọ ni. Èyí tí ó gùn tí ó sì ṣe ṣónṣó ni wọ́n ń pè ní ìka èṣù. Ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbà pé inú àrá ni ó ti bọ́, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń pe àáké òkúta àwọn ará ìgbàanì tí wọ́n bá rí nínú oko ní ẹdùn àrá. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé àwọn tí ó sọ nǹkan lórúkọ ti fara balẹ̀ wo ìrísí rẹ̀, wọ́n sì ti bi ara wọn léèrè ibi tí ó ti wá. Inú irú àkíyèsí báyìí ni Mary Anning dàgbà sí.

Ọ̀nì Tí Kì Í Ṣe Ọ̀nì

Ní ọdún 1811, Joseph rí orí ẹranko ńlá kan nínú àpáta. Gígùn orí náà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹnu rẹ̀ gùn, eyín kún un, ihò ojú rẹ̀ sì tóbi bí àwo. Ọ̀nì ni gbogbo ènìyàn pè é. Iṣẹ́ mìíràn gba Joseph lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Mary kò dẹ́kun àtiwá ìyókù ara ẹranko náà. Ní ọdún 1812, lẹ́yìn tí òkè ti ya, ó rí i. Wọ́n háyà àwọn alágbàṣe láti wà á jáde. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 17. Mary kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ.

Onílẹ̀ àdúgbò náà, Henry Henley, ra egungun yìí ní 23 pọ́n-ùn. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ dé ilé àfihàn kan ní London, níbi tí èrò ti ń wọ́ lọ wò ó. Ní ọdún 1819, wọ́n tà á ní gbàǹjo fún British Museum ní iye tí ó lé ní 45 pọ́n-ùn. Kì í ṣe òun ni egungun irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn rí, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ gba àfiyèsí àwọn ọ̀mọ̀wé London. Láti ọdún 1814, Everard Home, oníṣẹ́ abẹ fún ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan: ó kọ́kọ́ fi í sí ọ̀dọ̀ ẹja, ó tún wá a lọ sí ọ̀dọ̀ ẹranko inú omi ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ ti ilẹ̀ Australia. Kò sì dárúkọ ìdílé Anning nínú ohun tí ó kọ.

Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ẹranko náà ní Ichthyosaurus, orúkọ tí wọ́n fi èdè Gíríìkì hun, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹja-alángbá. Orúkọ náà bá a mu. Ara rẹ̀ ṣe ṣọ̀ọ̀rọ̀ bíi ti ẹja, ó ń fi apá àti ẹsẹ̀ tí ó ti di àjẹ̀ tukọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ fi hàn pé ìran àwọn ẹranko afàyàfà ni ó ti wá, àti pé atẹ́gùn òkè omi ni ó ń mí. Kò sí irú rẹ̀ kankan láàyè.

Iṣẹ́ Òòjọ́ àti Ìmọ̀

Òkìkí kò bọ́ ebi. Ní ọdún 1820, ó ti tó nǹkan bí ọdún kan tí ìdílé náà kò rí ohun gidi tà, wọ́n sì ti fẹ́ máa ta àga àti tábìlì ilé wọn kí wọ́n lè san owó ilé. Thomas Birch, oníbàárà wọn kan tí ó ti jẹ́ ológun, bá wọn nínú ipò yìí. Ó kó gbogbo fọ́sìlì tí òun ti ń rà jọ, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti ọwọ́ wọn, ó lu wọ́n ní gbàǹjo ní London, ó sì kó owó náà fún wọn. Nǹkan bí 400 pọ́n-ùn ni.

Láti ìgbà náà ni Mary ti di òpó òwò ìdílé. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí olúkúlùkù ń wá ibi ìdáná yà, ni òun ń gbé agbọ̀n àti òòlù rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ajá rẹ̀, Tray. Ní ọdún 1826, ó fi owó tí ó tù jọ ra ilé tí ó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú. Àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù náà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ilẹ̀ Yúróòpù yòókù àti láti Amẹ́ríkà.

Àwọn tí ó wá ra òkúta ni wọ́n máa ń bá ẹ̀kọ́ padà sílé. Mary a máa yá àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, a sì fi ọwọ́ dà wọ́n kọ pẹ̀lú gbogbo àwòrán inú wọn. A máa la inú ẹja àti àwọn ẹ̀dá omi mìíràn kí ó lè fi ẹ̀yà ara alààyè wé ti inú àpáta. Elizabeth Philpot, obìnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ogún ọdún jù ú lọ, tí òun náà ń kó fọ́sìlì jọ, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́; ó gbà á níyànjú láti máa ka ìwé nípa ilẹ̀ àti àpáta.

Àpẹẹrẹ irú ìmọ̀ yìí ni ti àwọn òkúta tí wọ́n ń pè ní ìka èṣù. Mary ṣàkíyèsí pé inú díẹ̀ lára wọn ní àpò kékeré kan tí nǹkan dúdú gbẹ sí. Ó fi wé àpò tàdáwà tí ó wà lára àwọn ẹ̀dá omi kan tí ó ń tú omi dúdú sílẹ̀ nígbà tí ọ̀tá bá ń lé wọn, ó sì rí i pé ọ̀kan náà ni. Elizabeth Philpot po nǹkan dúdú náà mọ́ omi, ó sì fi í ya àwòrán. Tàdáwà tí ẹ̀dá kan kó pamọ́ ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ṣì hàn lórí tákàdá.

Ẹranko Ọlọ́rùn Gígùn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1823, Mary wa egungun kan jáde tí ó pé láti orí dé ìrù. Orí rẹ̀ kéré púpọ̀, ọrùn rẹ̀ gùn kọjá ààlà, ara rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní àjẹ̀ mẹ́rin. William Conybeare àti Henry De la Beche ti fún irú ẹranko yìí ní orúkọ Plesiosaurus ní ọdún 1821, láti ara egungun jálajàla, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì rí odindi rẹ̀.

Nígbà tí àwòrán rẹ̀ dé ọwọ́ Cuvier ní Paris, ó fura. Ọrùn náà gùn ju ti ẹranko afàyàfà èyíkéyìí tí ó mọ̀ lọ. Ó rò pé bóyá ẹnìkan ni ó so orí àti ọrùn ẹranko kan mọ́ ara òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ayé bá gbà pé ayédèrú ni, oúnjẹ ti bọ́ lẹ́nu Mary nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ti tà ṣáájú ni wọn yóò sì máa fi ojú ayédèrú wò. Ní oṣù Kejì ọdún 1824, Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ nípa Ilẹ̀ àti Àpáta ṣe ìpàdé ní London. Conybeare dúró, ó ṣàlàyé egungun náà lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n rí i pé ojúlówó ni, Cuvier pẹ̀lú sì gbà pé òun ni òun ṣì í. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mary kò sí ní ìpàdé náà, nítorí ẹgbẹ́ náà kì í gba obìnrin. Conybeare kò sì dárúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó gbé kalẹ̀. Ọ̀bọ ń làágùn, irun ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Òkúta Ìgbẹ́ àti Ẹranko Abìyẹ́

Ó ti pẹ́ tí Mary ti ń rí àwọn òkúta roboto kan ní agbègbè ikùn àwọn ẹja-alángbá. Bí ó bá là wọ́n, a máa bá ìpẹ́ àti egungun ẹja nínú wọn. William Buckland, olùkọ́ ní yunifásítì Oxford, gbé àkíyèsí yìí yẹ̀ wò, ó sì kéde ní ọdún 1829 pé ìgbẹ́ tí ó di òkúta ni wọ́n. Ó fún wọn ní orúkọ coprolite, tí í ṣe òkúta ìgbẹ́ ní èdè Gíríìkì. Buckland ṣe ohun tí Conybeare kò ṣe: ó jẹ́wọ́ ipa tí Mary kó. Ohun tí àwọn ènìyàn ì bá fi ẹsẹ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ó wá fi hàn bí àwọn ẹ̀dá inú òkun àtijọ́ ṣe ń pa ara wọn jẹ, títí kan egungun àwọn ẹja-alángbá kéékèèké nínú ìgbẹ́ àwọn ńlá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1828, Mary rí egungun ẹranko afàyàfà kan tí ó ní ìyẹ́ awọ bíi ti àdán, tí ìka kan tí ó gùn rékọjá gbé ró. Ilẹ̀ Jámánì nìkan ni wọ́n ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó tún rí ẹja kan tí ìrísí rẹ̀ jọ àdàpọ̀ ẹja yanyan àti òmíràn tí ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ní ọdún 1830, De la Beche, tí òun àti Mary ti mọra láti ìgbà èwe, kó gbogbo àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sínú àwòrán kan ṣoṣo: ẹja-alángbá tí ó gbé ẹranko ọlọ́rùn gígùn há ẹnu, abìyẹ́ awọ tí ó ń fò lókè, ìgbẹ́ tí ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ òkun. Ó pè é ní Duria Antiquior, èyí ni Dorset ti ayé àtijọ́. Òun ni àwòrán àkọ́kọ́ tí ó gbé ayé ìṣáájú ìtàn kalẹ̀ láti inú ẹ̀rí fọ́sìlì. Ọjà fọ́sìlì ti dẹnu kọlẹ̀ lásìkò náà, De la Beche sì ń ta ẹ̀dà àwòrán náà kí owó rẹ̀ lè jẹ́ ti Mary.

Ohun Tí Àwọn Egungun Náà Fi Yé Ayé

Ẹ̀rí Cuvier ti ọdún 1796 jẹ́ ti erin kan tí ó kú àkúrun. Ẹ̀rí ti Lyme Regis jẹ́ ti odindi ayé kan, pẹ̀lú apẹjẹ àti apajẹ, pẹ̀lú ẹ̀dá omi àti ẹ̀dá òfuurufú, tí ó ti wá tí ó sì ti kọjá lọ. Kò sí òkun tí ẹja-alángbá lè sá pamọ́ sí tí àwọn awakọ̀ ojú omi kì yóò rí i.

Ìwádìí ti fi kún ìmọ̀ náà láti ìgbà ayé rẹ̀. A ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn lọ. Àwọn ẹja-alángbá kú tán ní nǹkan bí 90 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́rùn gígùn àti àwọn abìyẹ́ awọ wà títí di nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkúta ńlá kan já láti ojú ọ̀run sí ibi tí a ń pè ní Chicxulub ní ilẹ̀ Mẹ́síkò lónìí. Eruku àti èéfín bo ojú oòrùn, ewéko kú, ebi sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dá tí ó gbára lé wọn. Mary kò mọ iye ọdún wọ̀nyí. Olùfọkànsìn ni ó sì jẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wà nínú àpáta ni ó ń gbé jáde. Kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Ayé Rẹ̀

Iṣẹ́ náà kò fìgbà kan ṣaláìléwu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1833, òkè ya lulẹ̀ lójijì níwájú rẹ̀. Tray, ajá rẹ̀, ni ó wó lé, ó sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ó kù kí ó bo òun náà mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1835, owó tí ó ti fi pamọ́, tí ó tó nǹkan bí 300 pọ́n-ùn, bọ́ sọnù nínú òwò tí kò yọrí sí rere. Buckland bá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìjọba sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fún Mary ní 25 pọ́n-ùn lọ́dọọdún.

Ní ti ìwé kíkọ, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó jáde ní orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà sáyẹ́ǹsì nígbà ayé rẹ̀, ní ọdún 1839, níbi tí ó ti ṣàtúnṣe sí ohun tí ẹlòmíràn kọ nípa ẹja yanyan ìgbàanì. Louis Agassiz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹja láti ilẹ̀ Switzerland, tí ó wá sí Lyme Regis ní ọdún 1834, fi orúkọ Mary sọ ìran ẹja inú àpáta méjì. Nínú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí wọ́n ra egungun lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ fún un nígbà tí ó wà láàyè.

Jẹjẹrẹ ọyàn ni ó pa á, ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 1847, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Wọ́n sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Michael Mímọ́ ní ìlú rẹ̀. De la Beche, tí ó jẹ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ nípa Ilẹ̀ àti Àpáta lásìkò náà, sọ̀rọ̀ ìdárò rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, ohun tí wọn kò ṣe fún obìnrin kankan rí. Ní ọdún 1850, wọ́n fi fèrèsé aláràbarà kan sínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ìrántí rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 1919 ni ẹgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin wọlé.

Ìgúnlẹ̀

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn egungun tí Mary Anning hú wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, orúkọ ẹni tí ó rà wọ́n ni ó sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó rí wọn. Ọ̀nà kan náà ni ìran ẹ̀dá àti orúkọ ènìyàn ń gbà sọnù: ẹrẹ̀ á bo èkíní, ìdákẹ́jẹ́ á bo èkejì. Ẹ̀rí tí kò jẹrà ni ó ń mú méjèèjì padà. Ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ, lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn oníbàárà àti ohun tí àwọn díẹ̀ jẹ́wọ́ nípa rẹ̀ ni àwọn òpìtàn fi tọ ipa rẹ̀ padà. Ní ọdún 2010, Royal Society kà á mọ́ àwọn obìnrin mẹ́wàá ilẹ̀ Bìrìtìkó tí iṣẹ́ wọn nípa lórí sáyẹ́ǹsì jù lọ. Ní ọdún 2015, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìran ẹja-alángbá kan. Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, tí ó jẹ́ àyájọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n ṣí ère rẹ̀ ní Lyme Regis, lẹ́yìn ìpolongo tí ọmọ ilé-ìwé kan àti ìyá rẹ̀ dá sílẹ̀.

Fún olùkọ́ èdè, ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìgbésí ayé yìí tí kò yẹ kí ó kọjá lọ. Àwọn tí ó ń sọ ohun tí ó yí wọn ká lórúkọ ní èdè abínibí wọn, yálà òkúta ejò ni wọ́n pè é tàbí ẹdùn àrá, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láìmọ̀. Láti inú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ lè ti bọ́ sínú ìbéèrè, kí ó sì ti inú ìbéèrè dé inú ìmọ̀, bí ẹni tí ó ń kọ́ ọ kò bá kọ́kọ́ gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gba ọ̀nà yìí kọjá ní Lyme Regis kò ní ju agbọ̀n, òòlù àti ojú tí ó ń rí nǹkan lọ.